Bí Ẹnu Mi Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ilé Lọ́wọ́ Ìyá Mi

                                        Ilé Tuntun Ìjọba Ìlú,
                                        Ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé,
                                        Ibi tí ọgbà bọ́ọ̀sì wà tẹ́lẹ̀.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tá a ríra kẹ́yìn ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ní ó ti sàn, irọ́ sì ni, torí ó dá mi lójú pé o ṣì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kan ìṣó bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù nílẹ̀. O kú iṣẹ́ o, o kú àìsinmi. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Àwọn ọmọ ní kí n kí ọ. Màmá náà ní kí n kí ọ dáadáa, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ léèrè bóyá o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun láì sọ̀rọ̀. Wọn ò gbàgbé ìgbà tí èmi àti ìwọ jọ ń kọ́ṣẹ́ àga lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, tó o máa ń tẹ̀ lé mi wálé, tí wàá jẹ tìrẹ tán, tí wàá tún bá mi jẹ tèmi.

Jọ̀wọ́, padà sókè kó o tún àdírẹ́sì yẹn kà. Mi ò ṣì í kọ. A ti kó kúrò lájà kẹta yẹn pátápátá. Àmọ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú oríire, wá nǹkan jókòó lé ná, kí n ròyìn bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọgbọ́n orí ara mi ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa fi jẹ olórí àwọn ọ̀dẹ̀ ìlú yìí, kí wọ́n má wulẹ̀ rìn jìnnà. Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ti délé, mo sì ti wẹ̀, mo ti múra.

O mọ yàrá wa àtijọ́. Yàrá kan ṣoṣo, aṣọ ìkélé wà láàárín ẹ̀, èmi àti ìyàwó mi lápá kan, ibùsùn màmá lápá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì sì ń sùn lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ àga. Bí ẹnì kan bá yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun, gbogbo wa la máa yí i. Àjákù fóòmù wà nínú omi, ó wà nínú bàtà, ó wà nínú irun. Ìyẹn ṣì kéré. Àtẹ̀gùn ni baba wàhálà. Látìgbà tí orúnkún màmá ti kọṣẹ́, wọn kì í sọ̀kalẹ̀ mọ́ àfi tí mo bá pọ̀n wọ́n. Lọ́jọ́ ìsinmi, màá pọ̀n wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n á jókòó díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, màá tún pọ̀n wọ́n gòkè, wọ́n á sì máa bẹ̀ mí látẹ̀yìn pé kí n rọra, bí ẹni pé àwọn ló jẹ̀bi. Àwọn ọjọ́ tó kù, ojú fèrèsé ni wọ́n ń wà. Wọ́n mọ àárín orí gbogbo ará àdúgbò, wọn ò mọ ojú wọn. Bí irun ẹnì kan bá ń pá, àwọn ló ń kọ́kọ́ mọ̀, kí ìyàwó onítọ̀hún tó mọ̀.

Ọgbà kan wà ládùúgbò wa tí ìjọba ìlú máa ń kó àwọn bọ́ọ̀sì tó ti kú sí. Koríko ti hù gba inú fèrèsé àwọn bọ́ọ̀sì náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó gbogbo wọn kúrò, wọ́n gbálẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì pe gbogbo àwa ayálégbé àdúgbò sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ní ohun tó ń jẹ́ kí ilé gbówó lórí ni ilẹ̀, pé ìlú ló sì ni ilẹ̀ yẹn, àwọn ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni. Àwọn máa yọ̀ǹda ẹ̀ fún àwọn kọ́lékọ́lé lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àdéhùn pé owó ilé ò ní ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè san kó sì tún jẹun lọ, àti pé kò sí onílé tó máa jí lọ́jọ́ kan kó fowó kún un torí pé ọmọ ẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, àfi àwọn onílé tó wà lẹ́yìn. Wọ́n tún ní gbogbo yàrá ìsàlẹ̀ pátá, àwọn tó ń gbé pẹ̀lú àgbàlagbà tàbí ẹni tí ò lè gun àtẹ̀gùn ni wọ́n wà fún. Àwọn tí ibi tí wọ́n ń gbé bá há jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún, wọ́n sì máa wá fojú ara wọn wo ilé oníkálukú.

A forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an: èmi, ìyàwó mi, ọmọ méjì àti màmá. Nígbà tí mo délé tí mo ṣàlàyé fún màmá, wọ́n ní kí n tún ti ìsàlẹ̀ yẹn sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n wo ìta lójú fèrèsé, wọ́n wá ní ṣé kò ní sí àtẹ̀gùn kankan, kódà méjì. Mo ní kò ní sí. Látọjọ́ yẹn, kò sí ọkọ̀ iyanrìn tó gba òpópónà wa kọjá tí wọn ò ní ké sí mi pé ilé wa ń lọ nìyẹn.

Ìgbà tí ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wọ́n ránṣẹ́ pé ayẹ̀léwò ń bọ̀ wá wo ibi tá à ń gbé ní Ọjọ́bọ̀. Jẹ́jẹ́, ibi tí orí mi ti dàrú nìyẹn. O mọ̀ mí. Àlejò ń bọ̀ wá wo ilé mi, kí n sì jẹ́ kó bá a ní jákujàku? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo ní ẹni tí ò lè tọ́jú yàrá kan, ta ló máa kó méjì lé e lọ́wọ́? Ìyàwó mi ní híhá yẹn gan-an ni ayẹ̀léwò náà ń bọ̀ wá wò. Mo ní kó fọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀ fún ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn tí mò ń kà ọ̀hún, èyí tí mo fi ń di ìṣó ni.

Àga pálọ̀ tí oníṣègùn eyín kan gbé wá fún mi ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù mi nísàlẹ̀ nígbà yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀ ni, ó kù kó wá kó o. Àga gbọọrọ kan àti kékeré méjì, aláàrán pupa, bọ́tìnnì rìgìdì-rìgìdì lẹ́yìn wọn. Mo pe káfíńtà ẹ̀gbẹ́ mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn gòkè. Èyí tó gùn há síbi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Àwọn ará òkè ò lè sọ̀kalẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ ò lè gòkè. Ọkùnrin kan tó ti pẹ́ fún iṣẹ́ gba orí àga náà rá kọjá, ó débẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó rọ̀ dáadáa. Inú mi dùn sí ìyẹn. Nígbà tó yá, a fipá fà á já, a gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa.

Mo yá aago ògiri lọ́wọ́ káfíńtà, mo yá ife dígí lọ́wọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì tí yàrá ẹ̀ fara kan tiwa. Mo kó fóòmù pamọ́, mo kó ẹní àwọn ọmọ pamọ́. Ó wá ku ibùsùn màmá. Pẹ̀lú ibùsùn yẹn, àga ò lè wọlé. Mo tú u, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Níwọ̀n ìgbà tí ibùsùn sì ti lọ, ó di dandan kí ẹni tó ń sùn lórí ẹ̀ tẹ̀ lé e. Màmá bi mí pé ṣé àlejò yẹn ò lè jókòó bí àwọn bá wà níbẹ̀ ni. Mo ní kò ní pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, màmá. Wọ́n mú ife omi wọn, wọ́n di ògiri mú, wọ́n rọra lọ. Mo rí i pé wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa.

Ayẹ̀léwò dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, bàtà pẹlẹbẹ, ohùn pẹ̀lẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àga, ó wò mí, ó tún wo àga. Mo ní kó jókòó. Ó jókòó, ó rì sínú ẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Mi ò sọ pé èmi ni mo ni ín. Mi ò sì sọ pé èmi kọ́ ni mo ni ín. Mo bu omi ọsàn fún un nínú ife dígí, díẹ̀ sì ta sórí àga. Ó ní yàrá náà láyè ju bí òun ṣe rò lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀.

Ó wá ní òun gbọ́ pé màmá wà pẹ̀lú wa, níbo ni wọ́n ń sùn? Jẹ́jẹ́, mo wò yíká. Àrán pupa ní ọ̀tún, àrán pupa ní òsì. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n ní mo ti ta ìyá mi jáde kí n lè ráyè gbé àga àlejò wọlé? Ẹnu mi sáré jù mí lọ.

“Àlejò ni wọ́n. Wọ́n máa ń wá kí wa ni.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ tí ẹnì kan rọra wúkọ́ lódìkejì ògiri. Ògiri yẹn kì í ṣe ògiri, o mọ̀ ọ́n. Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì bá tú súgà sínú tíì, à ń gbọ́ ọ.

Oníṣègùn eyín kó àga ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Ó bi mí pé kí ló dé tó ń rùn bí ọsàn, mo ní òórùn fóòmù tuntun ni. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a máa ṣoni. Nígbà tó yá, wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì láti gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wa já sí. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn pọ́n mi lé gan-an. Ó ní ilé tèmi dára, kò há, kò sì sí àgbàlagbà tó ń gbé ibẹ̀, nítorí náà kí n fún àwọn tí nǹkan le fún láàyè ná. Ó ní kí n dúró de ilé kejì tí wọ́n máa kọ́. Mo ní níbo ni wọ́n máa kọ́ ọ sí. Ó ní wọ́n ṣì ń wá ilẹ̀. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìjọba náà wo ilé mi, wọ́n sọ mí lórúkọ, orúkọ tí wọ́n sì sọ mí ni Olówó. Èmi tí mò ń gbé ìyá mi gun àtẹ̀gùn lẹ́yìn!

Mo délé, màmá ní ìsàlẹ̀ yẹn ńkọ́. Mo ní wọ́n ṣì ń tò ó. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba kì í yá, kí n má da ara mi láàmú, wọ́n sì yíjú sí fèrèsé. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn ògiri, títí dòní wọn ò sọ ọ́. Ojú tì mí, ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó mi ò wí pé òun ṣáà ti sọ ọ́, àwo oúnjẹ ló kàn gbé kalẹ̀ gbà, ó sì yé mi.

Ilẹ̀ mọ́, mo padà sí ọ́fíìsì. Ayẹ̀léwò gan-an ni mo bá níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún wá wo ilé mi, pé nǹkan ti yí padà. Ó ní ṣé láàárín ìgbà díẹ̀ yìí ni. Mo ní ẹ ò mọ bí ayé ṣe rí. Ó ní òun máa wá, ṣùgbọ́n òun ò ní dá ọjọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló dé. Mò ń kan aṣọ mọ́ àpótí ìtìsẹ̀ kan nínú yàrá, mo kúnlẹ̀, ìṣó sì kún ẹnu mi bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa. Fóòmù wà níbi gbogbo. Màmá wà lórí ibùsùn wọn. Ó kanlẹ̀kùn, ó wọlé, kò sí ibi tó máa jókòó sí. Ilé oníṣẹ́ àga, kò sí àga! Ó kí màmá, ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, ó ní màmá, ṣé ibí lẹ̀ ń gbé ni.

Màmá tún aṣọ orí wọn ṣe. Wọn ò wò mí rárá.

“Rárá o, ọmọ mi. Àlejò ni mí. Mo wá kí wọn ni.”

Jẹ́jẹ́, bó o bá rí ojú wọn! Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ orúkọ ara ẹ̀. Ìyá tí kò fẹ́ràn nǹkan kan láyé mọ́ ju kí wọ́n tẹ ilẹ̀ lọ, wọ́n gbé ìsàlẹ̀ yẹn fún ẹlòmíì lójú mi, kí wọ́n má bàa pe ọmọ wọn lópùrọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìṣó ò jẹ́. Ẹnu tí mi ò rí pa dé lọ́jọ́sí, òun ló kún fún ìṣó lọ́jọ́ tí mo nílò ẹ̀. Mo tu wọ́n sọ́wọ́, ìdajì dà sílẹ̀, ọ̀kan gún mi létè.

“Irọ́ ni mo pa fún yín. Ìyá mi rèé, ibí ni wọ́n ń gbé. Èmi ni mo gbé wọn pamọ́ torí àga.”

Inú bí màmá sí mi gidigidi. Wọ́n bi mí pé ta ló bẹ̀ mí lọ́rọ̀, ṣé ojú àwọn báyìí ni wọ́n á ti máa fi ọmọ àwọn ṣẹ̀sín. Mo sì ń ṣa ìṣó nílẹ̀ torí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, omi ń bọ́ lójú mi, ètè mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyàwó mi sọ lẹ́yìn náà pé òun ò tíì rí mi kí n wuyì tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ayẹ̀léwò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá lórí ibùsùn. Ó bi wọ́n pé bí wọ́n bá wà nísàlẹ̀, kí ni wọ́n máa fi ṣe. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ máa jáde láì sọ fún ẹnikẹ́ni ni, kí àwọn sì wọlé nígbà tí ìta bá sú àwọn. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń pọ̀n wọ́n kiri, mo rò pé oore ni mò ń ṣe, àṣé ìyá mi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó rí oòrùn.

Mo sin ayẹ̀léwò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tá a dé ibi kọ̀rọ̀, òwú pupa kan ṣì há sára ògiri. Ó nawọ́ sí i, ó ní ṣé ti àga yẹn nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó ń bá tiẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe fún wa nílé nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ tá a kó, mo pọ̀n màmá sọ̀kalẹ̀ nígbà ìkẹyìn. Lórí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ní kí n má bínú, pé àwọn wúwo. Ìyàwó mi bi mí nísàlẹ̀ pé kí ló ń ṣe ojú mi, mo ní òógùn ni.

Yàrá méjì ni, pálọ̀ kékeré kan, omi ń wá nínú ilé ìdáná, ẹnu ọ̀nà sì tẹ́jú pẹrẹsẹ dé títì. Kò sí àtẹ̀gùn kankan, kódà méjì. Ọ̀dà ògiri ń ranni díẹ̀, páìpù ń kùn bí ẹni tó ń sunkún imú, àmọ́ owó ilé ò pa wá lára. Àwọn ọmọ ti ní yàrá tiwọn, síbẹ̀ abẹ́ tábìlì la ti bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá ń jáde, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ̀ lé wọn kí wọ́n má bàa ṣubú, wọ́n yíjú padà, wọ́n ní kí ni mò ń wá. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé oníwèé ìròyìn tó máa ń kọjá lábẹ́ fèrèsé wa àtijọ́ lójú tó fani mọ́ra bẹ́ẹ̀, pípá orí ẹ̀ nìkan làwọn mọ̀. Mo ṣe àga kan fún wọn sẹ́nu ọ̀nà, mo fi àrán pupa bò ó. Ẹrù ni wọ́n ń gbé lé e. Wọ́n ní àwọn ti jókòó tó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì wá wo ọ̀rọ̀ páìpù. Ó kanlẹ̀kùn, èmi àti màmá jọ wà ní pálọ̀. Ó ní ta ló ń gbé ibí. Mo lanu, o mọ̀ mí. Màmá ti dá a lóhùn kí n tó rí nǹkan sọ.

“Èmi ni mò ń gbé ibí. Ọmọ mi nìyí, ó wá kí mi ni.”

Mo dìde, mo bu omi fún ọkùnrin náà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Kí ọ̀gá wa fún mi bó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ má sọ ọ̀rọ̀ ìṣó fún wọn. Nígbà tó o bá ń bọ̀ wá wò wá, màmá ni kó o tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe èmi.

                                        Èmi ni tìrẹ tọkàntọkàn,
                                        Tìmùtìmù,
                                        àlejò nílé ìyá rẹ̀.